Eyín Tó Kú Lẹ́nu Kẹ́hìndé

Bí dókítà bá ti sọ fún ọ pé eyín rẹ kan ti kú, ṣùgbọ́n wọn ò ní yọ ọ́, pé inú gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fọ̀, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Fara balẹ̀. Mo mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ, torí èmi náà ti bi ara mi pé irú ọ̀rọ̀ wo nìyí, ṣé òkú máa ń gbé lẹ́nu alààyè ni? Ó máa ń gbé. Tèmi wà níbí, iwájú gan-an lókè, òun ni mo fi ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Ohun tí ojú mi rí kó tó di bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní bù mọ́ ọn.

Kẹ́hìndé lorúkọ mi. Aṣọ ìkélé ni mo ń rán tà nílùú Ìlaro, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn sì ni wá. Mo ní "wá" torí pé méjì ni wá nígbà kan. Èmi àti Táyé jọra débi pé bí ọ̀kan bá ṣẹ̀, bàbá wa á kúkú na méjèèjì kó má baà ṣi ẹni nà. Èjí kan náà ló wà lẹ́nu wa. Ibà ló mú Táyé lọ nígbà tó kù díẹ̀ ká jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Màmá wa kì í ní ó kú. Ó máa ń ní ó lọ sọ́jà, kò tíì dé.

Nígbà yẹn, àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún un, kó má baà padà wá mú èkejì rẹ̀ lọ. Bàbá wa, tí kì í fi ìrun kankan ṣeré, ní ère ò ní wọ ilé òun láéláé. Wọ́n fà á síhìn-ín fà á sọ́hùn-ún, kí wọ́n tó rí ọgbọ́n ta sí i, ìyẹn fọ́tò. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń ṣe é láyé ìgbà náà. Onífọ́tò ya mí pẹ̀lú gèlè pupa bíi Kẹ́hìndé. Ó ní kí n bọ́ sí apá kejì, wọ́n wé gèlè àwọ̀ ewé fún mi, ó tún ya mí bíi Táyé, ó sì so méjèèjì pọ̀ sínú fọ́tò kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rí ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jókòó tira wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni méjèèjì. Mo rántí pé nígbà tí mo jókòó síbi ti Táyé, Màmá ní kí n má mira púpọ̀.

Fọ́tò yẹn ló wà lára ògiri yàrá Màmá láti ìgbà náà. Bó bá se ẹ̀wà ìbejì, á fi ìka kan epo, á fi tọ́ ẹni tó wé gèlè àwọ̀ ewé lẹ́nu. Bí mo bá sì lọ kí i, kó tó béèrè ọmọ àti ọkọ, á wò mí lójú, á ní, "Rẹ́rìn-ín, kí n rí Táyé." Màá rẹ́rìn-ín. Mo ti ju ẹni ogójì ọdún lọ, mo ṣì ń ṣe é, torí ojú rẹ̀ máa ń tàn tó bá ti rí èjí yẹn.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá kan, mo lọ kí i ní Òkè-Ọ̀dàn. Mo gbójú sókè wo fọ́tò, mo rí i pé ọ̀kan nínú eyín iwájú ẹni tó wé gèlè àwọ̀ ewé ti dúdú. Ọ̀kan péré. Gbogbo ìyókù funfun.

"Màmá, ẹ ti fi epo ba ọmọ yín lẹ́nu jẹ́."

Ó dìde, ó sún mọ́ ọn. "Ètè ni mo máa ń tọ́," ó ní. "Mi ò kan eyín rí." Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, kò kúrò. Ó tún nù ún. "Kò sí níbẹ̀ lánàá o, Kẹ́hìndé."

Mo fi ṣẹ̀rín, mo ní ojú àgbà ni. Nígbà tí mo padà dé Ìlaro, Ràfíátù ọmọ mi ń gbé oúnjẹ fún mi, ló bá dúró, ó ń wo ẹnu mi. "Ìyá mi, kí ló ṣe eyín yín?" Mo gbé dígí. Eyín iwájú mi kan, ẹ̀gbẹ́ èjí gan-an, ti di àwọ̀ eérú. Kò dùn mí. N kò fi gbá nǹkan kan láìpẹ́ yìí. Ó kàn ń wò mí látinú dígí. Mo dá oúnjẹ náà padà fún Ràfíátù, mo tún gbé dígí.

Ìrora ò pẹ́ tẹ̀ lé e. Kò ta bí eyín tí súgà ti jẹ. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ó dà bíi pé eyín yẹn ti gùn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá pa ẹnu dé, òun ló ń kọ́kọ́ kan tìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, á máa lù kì, kì, kì, bí àyà mi ti ń lù, àfi kí n dìde jókòó kó tó rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eyín, gbogbo ayé ni dókítà rẹ̀. Ìyá tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi ní kí n máa fi kànáfùrù sẹ́nu, ìyẹn ṣe mí láǹfààní díẹ̀. Ẹlòmíràn ní ògógóró ni. Mẹkáníìkì tó wà lódìkejì títì ní kí n ki òwú bọ omi bátìrì, kí n fi sí i, pé òun ni àwọn ń lò. Ìwọ tó ń ka èyí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má fi omi bátìrì sẹ́nu. Ó ń jó irin, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹran erìgì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní tiẹ̀ ní kí n lọ fà á yọ kí gbogbo ilé sinmi. "Ṣé eyín kan ṣoṣo lo fi ń jẹun ni?" Òótọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀, mo sì ti ń múra àtilọ.

Ṣùgbọ́n Màmá gbọ́. Ó pè mí lórí fóònù, kò tilẹ̀ kí mi. "Wọn ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Bí eyín yẹn bá lọ, èjí ti lọ nìyẹn. Níbo ni kí n ti máa rí Táyé?" Mo ní ó ń dùn mí. Ó ní, "Táyé ló ń bínú. Máa bọ̀ nílé." Bí mo ṣe di ẹni tí ò lè yọ eyín ara rẹ̀ nìyẹn, torí pé eyín náà kì í ṣe tèmi nìkan.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìpòbẹ́, ìkọjá bọ́dà ló ti ń wá, òun ló ń yọ kòkòrò eyín fún wọn láwọn abúlé wa. Ó máa ń fọ Yorùbá mọ́ Faransé. Màmá ránṣẹ́ pè é. Ó da èso kan sórí ẹyin iná nínú àpáàdì, ó fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ darí èéfín rẹ̀ sí mi lẹ́nu. "Dùsúmà," ó ń sọ, "dùsúmà, ọmọ mi, rọra." Ó ní kí n tẹ orí sórí abọ́ omi. Àwọn nǹkan funfun tín-tìn-tín bọ́ sínú omi náà, mo rí wọn, wọ́n ń mira. Dókítà ti sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí kòkòrò nínú eyín ẹnikẹ́ni, pé ọgbọ́n ọwọ́ ni. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, mo rí wọn.

Bí obìnrin náà ti ń palẹ̀ mọ́, ó rí fọ́tò lára ògiri. Ó dúró wò ó pẹ́. Màmá ní, "Òun àti èkejì rẹ̀ nìyẹn."

Ìyá Ìpòbẹ́ mi orí. "Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí," ó ní. Kò dúró jẹ oúnjẹ tí Màmá bù fún un, ó kọjá lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, ìrora náà dákẹ́ pátápátá. Inú wa dùn. Màmá se ẹ̀wà, ó fi epo tọ́ fọ́tò lẹ́nu, àwọn ọmọ àdúgbò jẹ àjẹyó, èmi náà jẹ. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, mò ń kọrin. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o ti fetí sí mi jù: eyín tó dákẹ́ kì í ṣe eyín tó sàn. Bí ìrora bá lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tọ́jú rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kí o sáré lọ fi hàn dókítà eyín. Èmi ò mọ̀. Mo ń dúpẹ́ ni.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo wá ń fura. Mo mu omi tútù lọ́jọ́ kan, gbogbo eyín mi ló mọ̀ pé ó tutù, àfi òun. Mo fi èékánná kan án, mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú orí mi, n kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá, bí ẹni tó kanlẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Oówo kékeré kan yọ sí erìgì lókè rẹ̀, á tú, á san, á tún yọ. Láàárọ̀, n óò jí bá ìtọ́wò kan lẹ́nu, bíi ti ohun tó rà. Ọkọ mi á rọra yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Kí lo jẹ?" Mo dìde lọ fọ ẹnu. Ẹ̀rù ń bà mí pé nǹkan kan ti kú sí mi lára, pé òun sì ń dúró dè mí. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ bẹ́ẹ̀, má ṣe rò pé orí rẹ dàrú. Sọ fún ẹnìkan.

Ilé Màmá ni mo wà nígbà tó burú. Mo jí láàárọ̀, ètè òkè mi ti wú dé abẹ́ ojú, ojú kan ti fẹ́ pa dé, ara mi gbóná bí ààrò. Màmá gbé àgbo wá. Ó fún mi mu, ó fi pa mí lójú, ó sì ti ń na ọwọ́ sí fọ́tò láti fi pa Táyé náà lẹ́nu. Ló bá dúró. Ó wo fọ́tò, ó wò mí. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Báyìí náà ni ara rẹ̀ ṣe gbóná," ó ní. "Báyìí náà ni mo ń fi àgbo pa á. Mo ní ká jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná."

N kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tí Táyé ti kú, ọjà ló máa ń ní ó lọ.

Ó dìde, ó yí fọ́tò náà kojú sí ògiri, ó so ìró rẹ̀ le. Ó jáde sí gbangba, ó dá mọ́tò dúró fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ti ń gbé mi wọ ọkọ̀, mo ní, "Màmá, wọ́n lè ní àwọn á yọ ọ́ o."

"Kí wọ́n yọ ọ́. Bí wọ́n bá ní gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa yọ, kí wọ́n yọ ọ́. Ìwọ ni mo fẹ́ máa rí." Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé Ìlaro. Mo ń sunkún, ojú tó wú yẹn ò sì jẹ́ kí omi rẹ̀ ríbi gbà.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n gbé mi lọ. Èrò pọ̀, bẹ́ǹṣì kún, àwọn mìíràn dúró lẹ́bàá ògiri. Àmọ̀ràn tí mo ní ni pé bí ojú bá wú, tí ibà sì wà níbẹ̀, má jókòó sórí ìlà jẹ́jẹ́. Sọ fún nọ́ọ̀sì. Màmá sọ fún wọn, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ibẹ̀. Wọ́n mú mi wọlé. Dókítà eyín náà jẹ́ ọmọdébìnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá mo ti fi ẹnu gbá nǹkan rí. Mo ní rárá, àfi ìgbà tí mo rántí pé mo ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́nà Òkè-Ọ̀dàn lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, tí mo fi eyín gbá ẹ̀yìn orí ọlọ́kadà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, ó dá, mo gbàgbé.

"Ìgbà náà ló ti kú," ó ní.

"Kó ti kú láti ìgbà yẹn, kí n má mọ̀?"

"Eyín lè kú kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, mà. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà jáde tó fi ń dùn yín. Nígbà tó rọ́nà, ó dákẹ́. Ọ̀nà yẹn ló tún dí báyìí."

Wọ́n ya fọ́tò eyín náà. Ó fi hàn wá: eyín mi funfun gbọọrọ, gbòǹgbò rẹ̀ sì wọ inú òjìji dúdú kan. Màmá wò ó títí. "Fọ́tò náà tún ni," ó ní. Ó wá kọjú sí dókítà. "Ẹ yọ ọ́."

"Kò pọn dandan, Màmá. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì dúró dáadáa. Wọ́n á fọ inú rẹ̀, wọ́n á dí i, á máa wà níbẹ̀."

"Òkú náà? Á máa wà níbẹ̀?"

"Bó bá ti mọ́, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan."

Màmá ní kí wọ́n máa ṣe é. Wọ́n tú ibi tó wú, wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ àti oògùn, ara mi balẹ̀. Nígbà tí wíwú náà lọ, wọ́n kọ ìwé lé mi lọ́wọ́ lọ sí Abẹ́òkúta fún ìtọ́jú gbòǹgbò. Béèrè iye rẹ̀ kí o tó jókòó sórí àga wọn o, torí ó wọ́n ju yíyọ lọ dáadáa, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń dá a dúró láàárín. Má dá a dúró láàárín. Eyín tí wọ́n ṣí sílẹ̀ tí wọn ò dí burú ju èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn.

Ohun tí o máa bá níbẹ̀ nìyí. Wọ́n á gún ọ lábẹ́rẹ́ sí erìgì, òun ló ń ta jù nínú gbogbo ẹ̀, kò sì ju kí èèrà bu ni jẹ lọ. Ètè rẹ á kú tipiri. Wọ́n á ta rọ́bà kan bo ẹnu rẹ, eyín yẹn nìkan ló máa yọrí sókè, bí ẹni pé kì í ṣe tìrẹ mọ́. Wọ́n á lu ihò kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lu tèmi, òórùn kan jáde, mo sì mọ̀ ọ́n. Òórùn yàrá tí wọ́n tì pa fún ìgbà pípẹ́ ni. Mo ti gbọ́ ọ rí nílé wa, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí yàrá tí Táyé ń sùn. Mo di ọwọ́ àga mú. Dókítà ní, "Ṣé ó ń dùn yín ni?" Mo mi orí pé rárá. Kò dùn mí. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn, pé ẹnìkan wọ inú egungun mi lọ, n kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Wọ́n ń fi àwọn irin tín-ín-rín fọ inú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, n óò kàn gbọ́ ọ tó ń ha rí, rí, nísàlẹ̀ imú. Wọ́n da omi oògùn sí i, wọ́n fi oògùn sínú, wọ́n dí i fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n padà wá. Nígbà tí mo padà, òórùn náà ò sí mọ́. Wọ́n dí i pa. Nígbà tó yá, wọ́n dé e ní fìlà funfun kan tó bá àwọn yòókù mu. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, erìgì á máa ro ọ́ fún bí ọjọ́ díẹ̀, oògùn ìrora lásán ló ń ká a. Bó bá tún wú, padà lọ. Má fi ṣí ìdérí ìgò, má fi fọ́ egungun.

Báyìí, ara mi dá. Oówo náà ò yọ mọ́, ìtọ́wò búburú yẹn lọ, mò ń sùn. Nígbà tí wọ́n tún ya fọ́tò eyín náà láìpẹ́ yìí, òjìji dúdú yẹn ti súnkì, egungun ti ń kún ibẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá mu omi tútù, gbogbo ẹnu mi ló ń mọ̀, àfi òun. Ó ti mọ́ mi lára.

Màmá ò gbé fọ́tò àtijọ́ yẹn kọ́ mọ́. Ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò tó yà á fún wa, bàbá náà ṣì wà ní Ìlaro, ó ti darúgbó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀rinrin ló wọ inú férémù, òun ló ba eyín yẹn jẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó máa sọ fún mi ìdí tí ọ̀rinrin fi mú eyín kan ṣoṣo yẹn, tí ó fi àwọn tó kù sílẹ̀.

Màmá ní kó ya mí. Bàbá náà wo èjí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ìbejì mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, àbí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni," Màmá dáhùn.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. N kò tilẹ̀ mọ ohun tí mo ṣe, àfi ìgbà tí mo rí i pé ojú Màmá wà lára mi. Mo ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ti fi àyè sílẹ̀ fún Táyé, bí mo ti máa ń ṣe níbi gbogbo tí mo bá jókòó láti kékeré. Màmá wo àyè náà. Ó wá sí ìdí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Táyé ò ní tọjà dé mọ́," ó ní. "Bọ́ sí àárín, Kẹ́hìndé."

Mo bọ́ sí àárín, mo rẹ́rìn-ín.